Bébà ìdìbò ẹlẹ́gbẹ́ 48 tí wọ́n fún wa l'Ọ́ṣun, àti IReV, wẹ́ẹ̀bù tí wọ́n ń gbé fọ́tò èsì ìdìbò sí, tó dé lẹ́yìn ẹ̀: bí méjèèjì ṣe wúlò tó fún ẹni tó ń wá gómìnà tó máa dìbò fún

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ fọ́tò kọ́pì, títẹ̀wé àti lámínéètì ni mò ń ṣe n'Ìkìrun, ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó ti púríńtà, torí ẹ̀ tí mo bá ti rí bébà kan báyìí, ibi tí ojú mi á kọ́kọ́ lọ ni bí wọ́n ṣe tò ó, bóyá lẹ́tà ẹ̀ tóbi tó, bóyá ẹni tí ojú ẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì máa rí i kà. Àwọn èèyàn máa ń sọ̀rọ̀ nípa fóònù tí wọ́n rà, ìrẹsì tí wọ́n jẹ ní búkà, jẹnẹrétọ̀ tí kò pariwo. Bébà ìdìbò lèmi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ lónìí, torí mi ò rí ohun tó kéré tó o tó dẹ̀ lágbára tó o. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mẹ́rin la máa ń lò ó yan gómìnà, ìṣẹ́jú kan péré la fi ń lò ó, tá a bá dẹ̀ ti jù ú sínú àpótí, ó parí nìyẹn.

Èyí tí mo ń wí gan-an ni ti 22 September 2018. Ẹgbẹ́ 48 ló wà lórí ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ rò ó dáadáa, 48! Nígbà yẹn ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ti lé ní 90, ẹnikẹ́ni tó bá dẹ̀ ti rí ẹgbẹ́ tó máa gbé e dìde ti di kándídéètì. Ká tiẹ̀ ní ẹnì kan pinnu láti gbọ́ ọ̀rọ̀ gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wákàtí kan fún ẹnì kan, ọjọ́ méjì gbáko ló máa fi jókòó láìsùn láìjẹun. Ta ló fẹ́ ṣèyẹn? Màmá mi ni àbí bàbá tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi?

Gbogbo wa la dẹ̀ mọ̀ pé àwọn márùn-ún ni ìdíje yẹn wà láàárín wọn. Gbóyèga Oyètọ́lá ti APC, Adémọ́lá Adélékè ti PDP, Ìyíọlá Òmísore ti SDP, Mọshood Adéọ̀tí ti ADP, àti Fàtáì Akínbádé ti ADC. Ẹ tún orúkọ ẹgbẹ́ yẹn kà kí ẹ wò ó pẹ̀lú ojú ẹni tí kò kàwé púpọ̀. ADC, ADP, APC, PDP, SDP. Lẹ́tà márùn-ún péré, A, C, D, P àti S, ni wọ́n ń pín láàárín ara wọn. Mẹ́ta nínú wọn ló fi A bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ló fi DP parí, ADP dẹ̀ wà nínú méjèèjì! Bẹ́ẹ̀ ABD ni wọ́n fi ń tò wọ́n, ìyẹn ni pé òkè ni gbogbo àwọn oní-A kóra jọ sí, ADP tẹ̀ lé ADC, APC wà nísàlẹ̀ wọn níbi tí kò jìnnà. Àwọn tó mọ lógò ló ń rí ọ̀nà lọ, ẹni tó ń wá ìgbálẹ̀ á rí ìgbálẹ̀, ẹni tó ń wá agboorùn á rí agboorùn, ẹni tó ń wá ẹṣin funfun á rí ẹṣin. Ṣùgbọ́n tí ẹgbẹ́ bá ti di 48 lórí bébà kan, lógò á kéré, èmi tí mò ń tẹ̀wé mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwòrán tí wọ́n bá fún un pọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wá dùn mí jù lára bébà yìí ni pé kò sí orúkọ èèyàn kankan lórí ẹ̀. Kò sí Oyètọ́lá níbẹ̀, kò sí Adélékè, kò sí Òmísore. Orúkọ ẹgbẹ́ àti lógò nìkan ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Nàìjíríà nìyẹn, kì í ṣe t'Ọ́ṣun nìkan. Ó lè má dun ẹni tí ẹgbẹ́ méjì bá wà níwájú ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá di 48, tí àwọn kan dẹ̀ ti fi ẹgbẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ wọ́n mọ́ sílẹ̀ lọ sí ẹgbẹ́ tuntun ní oṣù díẹ̀ kí ìdìbò tó dé, báwo ni màmá àgbà ṣe máa mọ̀ pé ibi tí Adéọ̀tí wà báyìí ni ADP? Sẹ́kítárì ìjọba ìpínlẹ̀ ni Adéọ̀tí tẹ́lẹ̀ lábẹ́ APC o! Ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀ látìgbà náà, ìgbálẹ̀ ló máa tẹ̀ka sí, á dẹ̀ lọ sílé pé òun ti dìbò fún un.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí ìdìbò, àwọn ọmọ pátì kan gbé àpẹẹrẹ bébà ìdìbò wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé kí n bá wọn ṣe 200 kọ́pì. Mo wo bébà yẹn. Lógò tiwọn nìkan ló wà lórí ẹ̀, wọ́n fi rẹ́ẹ̀dì yí i po, gbogbo ìyókù ṣófo, àpótí lásán lásán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ṣe iṣẹ́ wọn, wọ́n sanwó, iṣẹ́ niṣẹ́. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn mi ò lè sùn dáadáa. Mo ní ṣebí èmi náà ní púríńtà, kí ló dé tí mi ò lè ṣe èyí tó pé?

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀. Òfin ní kí INEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò, máa lẹ orúkọ gbogbo kándídéètì síta kí ará ìlú rí i, orí íntánẹ́ẹ̀tì náà wọ́n máa ń gbé e sí, ibẹ̀ ni mo ti kó gbogbo ẹ̀. Alẹ́ méjì ni mo fi jókòó tì í. Mo tò ó bí bébà ìdìbò ṣe máa tò ó gan-an, ABD, ẹgbẹ́ lápá òsì, lógò láàárín, orúkọ kándídéètì lápá ọ̀tún, ìlú tó ti wá nísàlẹ̀ orúkọ ẹ̀ fún àwọn tí mo mọ tiwọn. Lẹ́tà ńlá. Kò gba A4 kan, méjì ni mo lẹ̀ pọ̀. Mo wá lámínéètì ọ̀kan, mo gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù.

Màmá mi ló kọ́kọ́ lò ó. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo tẹ kọ́pì kan sílẹ̀ fún wọn lórí àga, mo yá pádì yínkì búlúù tí akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa fi ń tẹ sítáǹpù, mo ní "Màmá, ẹ tẹ̀ka síwájú ẹni tẹ́ ẹ bá fẹ́, mi ò ní wò ó." Mo yíjú sẹ́yìn. Wọ́n pẹ́. Wọ́n pẹ́ gan-an. Nígbà tó yá mo gbọ́ tí wọ́n ní "Àdùkẹ́, ìka mi sanra ju àpótí yìí lọ." Mo yíjú padà, àtàǹpàkò wọn ti bo ìlà méjì pọ̀, ìdajì wà lórí ẹgbẹ́ kan, ìdajì wà lórí èyí tó tẹ̀ lé e. Tó bá jẹ́ ọjọ́ ìdìbò gan-an ni, ìbò tó ti bàjẹ́ nìyẹn. Àtàǹpàkò tó ti fọ ẹ̀gẹ́ fún ogójì ọdún ni, ó ti fẹ̀, ó ti le. Mo ní Màmá, wọn ò sọ pé àtàǹpàkò ni dandan o, ìka èyíkéyìí ló dára. Wọ́n gbé ọmọndinrin wọn kalẹ̀, ìka kékeré yẹn, wọ́n rọra ti í bọ inú yínkì, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó wọ àpótí dáadáa láìkan ìlà. Ojú wọn tàn! Látìgbà yẹn, gbogbo àgbàlagbà tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi ni mò ń sọ fún pé kí wọ́n lo ọmọndinrin. Mo tún fi bí wọ́n ṣe máa ká bébà hàn wọ́n, kí yínkì tútù má baà kan òdìkejì, torí ìyẹn náà lè ba ìbò jẹ́.

Ẹ wá jẹ́ n sọ bí mo ṣe pinnu tèmi, torí bébà ò lè bá èèyàn ṣèyẹn. Ohun mẹ́ta ló wà nílẹ̀ nígbà yẹn. Àkọ́kọ́ ni hàfú sálárì. Láti 2015, nígbà ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá, òṣìṣẹ́ ìjọba ń gba ìdajì tàbí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó oṣù, àwọn lẹ́fẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ nìkan ló ń gbà á pé, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì náà ń ké. Kò sí ilé tọ́rọ̀ yẹn ò dé. Èkejì ni "West ló kàn." Àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Ọ̀ṣun ní àwọn ló kù kó kàn láti ṣe gómìnà, Adélékè ará Ẹdẹ, Adéọ̀tí ará Ìwó, Akínbádé ará Ògbàágbà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ọmọ West ni, ìyẹn ni pé àwọn tó gba "West ló kàn" gbọ́ tún máa pín ìbò wọn sọ́nà mẹ́ta. Ẹ̀kẹta ló le jù fún èmi: Ìrágbìjí ni Oyètọ́lá ti wá, Ìrágbìjí dẹ̀ nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọjà la jọ ń ná, àna la jọ ń ṣe. Gbogbo ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù ló ń sọ fún mi pé ọmọ ẹni ò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo ń bi ara mi pé ṣé ìlẹ̀kẹ̀ là ń pín ni àbí owó oṣù olùkọ́?

Mi ò ní sọ ẹni tí mo dìbò fún níbí o, torí ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Ohun tí mo ṣe ni pé mo mú ìbéèrè kan ṣoṣo, mo fi wọn àwọn márààrún: báwo lo ṣe máa san owó oṣù tó pé, látinú owó wo? Kì í ṣe "ṣé wàá san án," torí ta ló máa sọ pé òun ò ní san? Mo ń gbọ́ wọn lórí rédíò, mo ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé rìsíìtì. Ẹni tó bá dárúkọ ibi tí owó ti máa wá, màá fún un ní máàkì. Ẹni tó bá kàn ń bú ẹni tó ṣe é kọjá, mi ò ní fún un ní nǹkan kan. Ilé iṣẹ́ rédíò kan ní ká pè wọlé ká béèrè ọ̀rọ̀, mo rá káàdì mo pè, wọ́n fi mí sórí láìnì títí káàdì fi tán, wọn ò gbé mi wọlé. Ó dùn mí gan-an torí ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ béèrè. Síbẹ̀ tẹ́ ẹ bá ní kí n sọ ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù láti dín 48 kù sí ẹnì kan, rédíò ni, kì í ṣe pósítà, kì í ṣe ràlì.

Ohun kejì tó ràn mí lọ́wọ́ ni òfin, ó dẹ̀ yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ọ́n. Òfin Nàìjíríà ò ní kí gómìnà ní ju ìdajì ìbò lọ. Kó ní tó pọ̀ jù, kó dẹ̀ ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìjọba ìbílẹ̀. L'Ọ́ṣun tá a ní ìjọba ìbílẹ̀ 30, ogún nìyẹn. Torí náà ẹni tó bá jẹ́ pé ìlú ẹ̀ nìkan ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n, bó wù kó dáa tó, ó máa ṣòro kó dé ibẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Èyí ò ní kí ẹ má dìbò fún un o. Ó kàn ní kí ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń ṣe, pé ìbò tẹ́ ẹ fún un yìí, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ló ti kúrò.

Tí ẹ bá rò pé àsọdùn ni mò ń sọ, ẹ gbọ́ bí èsì ṣe jáde. Adélékè ní 254,698. Oyètọ́lá ní 254,345. Ìyàtọ̀ 353! Òmísore ní 128,049, Adéọ̀tí ní 49,744, Akínbádé tó ṣe ìkarùn-ún ní 7,681. Ẹ wò ó, ìbò Akínbádé nìkan ju ìyàtọ̀ yẹn lọ ní ìlọ́po ogún ó lé. Ìbò tó bàjẹ́ torí pé wọn ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa náà ju 353 lọ fíìfíì. Ìbò ọmọndinrin àwọn màmá wa, tí ẹnì kan bá kọ́ wọn ní ìlú kọ̀ọ̀kan, ó lè yí gbogbo ẹ̀ padà sí apá yòówù. Wọ́n ní inconclusive ni, ìyẹn ni pé ìdìbò ò tíì parí, torí àwọn ibùdó 7 tí wọ́n ti fagi lé ìbò wọn, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ 3,498, iye yẹn dẹ̀ ju 353 lọ. Ọ̀rọ̀ bá di ti Ifẹ̀, gbogbo àwọn ńlá ńlá láti ẹgbẹ́ méjèèjì ń wọ́ lọ sílé Òmísore láti bẹ̀ ẹ́, ó wá bá APC lọ. Ní 27 September wọ́n tún un dì ní Òróólù, Òṣogbo, Gúúsù Ifẹ̀ àti Àríwá Ifẹ̀, Oyètọ́lá wá wọlé pẹ̀lú 255,505 sí 255,023. Ìyàtọ̀ 482. Ìpínlẹ̀ odidi! Ẹni tó wọlé náà ò dẹ̀ ní tó ìbò 4 nínú 10. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ló parí ẹ̀ ní 5 July 2019.

Bébà 2018, 2 nínú 5 ni mo fún un. Méjì yẹn náà, torí pé ó jẹ́ ìkọ̀kọ̀ ni, àti pé ẹni tí ò mọ̀ wé lè fi lógò wá ọ̀nà. Mo yọ mẹ́ta kúrò torí orúkọ èèyàn tí kò sí níbẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n á ní àyè ò sí, àmọ́ èmi tí mo ti tò ó lórí A4 méjì mọ̀ pé àyè wà.

Ní February 2020 INEC fagi lé ẹgbẹ́ 74, ó ku 18. Nígbà tó fi máa di 16 July 2022 tá a tún dìbò, 15 ló wà lórí bébà wa. Ó ti rọrùn láti kà. Àpótí ti fẹ̀, Màmá lo àtàǹpàkò wọn! Ṣùgbọ́n orúkọ èèyàn ò tíì sí níbẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀. Yusuf Lásùn ti kúrò ní APC lọ sí Labour, Akin Ògúnbíyìí wà ní Accord, wàhálà kan náà ni. Mo fún èyí ní 3. Ohun kan tó yẹ kí ẹ kíyè sí ni pé bébà yẹn kún, àmọ́ ìdíje yẹn ò kún. Adélékè 403,371, Oyètọ́lá 375,027, ẹni tó ṣe ìkẹta ò ju bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ. Ẹni tó bá ń wo iye lógò nìkan á rò pé 2022 náà rí bíi 2018, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ó wá kan IReV. Èyí ni mo gbádùn jù. Láti 2020 ni INEC ti ń lò ó: tí wọ́n bá ti ka ìbò tán ní ibùdó, òṣìṣẹ́ ìdìbò á fi ẹ̀rọ ya fọ́tò fọ́ọ̀mù èsì, EC8A, á fi ránṣẹ́ sí wẹ́ẹ̀bù, ẹnikẹ́ni á dẹ̀ lè rí i. Ní 2022 ẹ̀rọ BVAS tí wọ́n fi yẹ ojú àti ìka wa wò kí wọ́n tó fún wa ní bébà ni wọ́n fi yà á. Ibùdó 3,763 la ní l'Ọ́ṣun. Kí n má parọ́, nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ mi ò gbà pé ó lè ṣiṣẹ́ níbi tí nẹ́tíwọ̀kì wa ti ń ṣe wàhálà yẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo ṣí jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, mo ń bá wọn ṣí àkáǹtì, ẹ máa nílò ímeèlì àti pásíwọ́ọ̀dù, ẹ mú ìdìbò tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ mú ìjọba ìbílẹ̀, ẹ mú wọ́ọ̀dù, ẹ mú yúnìtì. Nígbà tó kan tèmi, tí mo tẹ yúnìtì wa, fọ́tò yẹn ṣí díẹ̀díẹ̀ láti òkè. Mo rí i. Mo rí ìkọ̀wé ọmọ kọ́pà tó jókòó níwájú wa láàárọ̀. Iye àwọn tó forúkọ sílẹ̀, iye àwọn tí BVAS yẹ̀ wò, bébà tí wọn ò lò, ìbò tó bàjẹ́, lẹ́yìn náà ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà lápá kan, wọ́n tún kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ lápá kejì, àwọn ẹ́jẹ́ńtì sáìnì nísàlẹ̀. Iye tí a gbọ́ nígbà tí wọ́n ń ka ìbò sókè lójú wa nírọ̀lẹ́, òun gan-an ló wà níbẹ̀, kò yẹ̀. Bàbá tó ń tún rédíò ṣe ní kí n tún un ṣí. Mo tún un ṣí. Wọ́n ní kí n bá wọn tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo tẹ̀ ẹ́, wọ́n ká a sínú àpò agbádá wọn, wọ́n ní "Ìyá Kọ̀ǹpútà, látìgbà tí mo ti ń dìbò, n ò rí ibi tí ìbò mi bọ́ sí rí." Mi ò gba owó lọ́wọ́ wọn.

Ìdí tí mo fi ní ó kan ọ̀rọ̀ bá a ṣe máa pinnu ni pé èsì yẹn kò kúrò níbẹ̀. Tí ìdìbò mìíràn bá ń bọ̀, tí ẹnì kan bá wá sọ fún yín pé àwọn ló ni ìlú yín, ẹ lè lọ wo yúnìtì yín àti ti wọ́ọ̀dù kejì, kí ẹ rí iye tí ẹgbẹ́ ẹ̀ ní lóòótọ́. Ẹni tó ní òun máa ní ìdá kan nínú mẹ́rin ní ìjọba ìbílẹ̀ ogún, ẹ lè fi ojú ara yín wò ó bóyá ó súnmọ́ ọ. Èyí ń gba èèyàn lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ariwo ràlì pe ara wọn ní alágbára. Ó dẹ̀ ń gbani lọ́wọ́ "dìbò kó o se ọbẹ̀" díẹ̀, torí ẹni tó bá ti rí i pé ìbò òun wọlé tó dẹ̀ wà níbẹ̀ lójú gbogbo ayé, ó máa ń nira fún un láti tún tà á. Ohun tí mo rí lójú àwọn oníbàárà mi ni mò ń sọ, mi ò ní ó rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo èèyàn.

Àléébù ẹ̀ náà wà. IReV kì í bá èèyàn ṣírò, fọ́tò lásán ni, tí ẹ bá fẹ́ mọ àpapọ̀ wọ́ọ̀dù yín, kálikulétọ̀ ni kí ẹ gbé. Àwọn fọ́tò kan ṣú, àwọn kan dorí kodò, ó yẹ kí wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe máa tẹ́ fọ́ọ̀mù sílẹ̀ pẹrẹsẹ kí wọ́n tó yà á. Ímeèlì tí wọ́n ní dandan yẹn kò ro ti àwọn àgbàlagbà. Gbogbo Nàìjíríà ló dẹ̀ rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní February 2023, èsì ìdìbò ààrẹ ò jáde lórí ẹ̀ lásìkò, ọ̀pọ̀ èèyàn ò gbà á gbọ́ mọ́ látọjọ́ yẹn. Ẹjọ́ t'Ọ́ṣun náà, nọ́ńbà BVAS ni wọ́n ń jà lé lórí, tribunal gba ìjókòó lọ́wọ́ Adélékè ní 27 January 2023, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a padà ní March, Supreme Court fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní 9 May. Síbẹ̀, 4 nínú 5 ni mo fún IReV, torí ṣáájú ẹ̀, lẹ́nu rédíò àti WhatsApp la ti ń gbọ́ èsì, ẹnu tó bá wù wọ́n ni wọ́n dẹ̀ ń fi sọ ọ́.

Bébà lámínéètì 2018 yẹn ṣì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, oòrùn ti sọ ọ́ di yẹ́lò létí. Tí INEC bá ti gbé orúkọ kándídéètì tó ń bọ̀ jáde, màá tún tò ó, orúkọ èèyàn àti ìlú ẹ̀, lẹ́tà ńlá. Ọ̀fẹ́ ni fún àgbàlagbà. Pádì yínkì búlúù wà nílẹ̀, Màmá ló máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì kọ́ àwọn ẹgbẹ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi ọmọndinrin tẹ̀ ẹ́. Ẹ mú gíláàsì ojú yín dání.